Kí Jósẹ́fù Tó Sá



Bí wọ́n bá ti ní "ìwà mímọ́" ní àṣẹ́ńbílì, gbogbo wa ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ: ọ̀rọ̀ ọkùnrin àti obìnrin ni. (Ẹ̀yin tíṣà wa, ẹ má bínú o, ti síkẹ́ẹ̀tì máa ń pọ̀ ju ti ṣòkòtò lọ níbẹ̀.) Mi ò sọ pé kò dáa. Ṣùgbọ́n bí ìwàásù bá ti parí, ẹni tí kò ní ọ̀rẹ́kùnrin tàbí ọ̀rẹ́bìnrin á gbà pé òun ti yege, á lọ jókòó.

Jósẹ́fù ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ fún wa. Ìyàwó Pọ́tífárì di aṣọ rẹ̀ mú, ó fi aṣọ sílẹ̀, ó sá. A ó ké Halelúyà, ó parí. Mo tún Jẹ́nẹ́sísì orí 39 kà lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo wá rí i pé a máa ń fo ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Orí 37 sọ pé ọmọ ọdún 17 ni Jósẹ́fù, ẹgbẹ́ àwa SS3 gan-an. Nígbà tó dé ilé Pọ́tífárì, gbogbo nǹkan ni ọ̀gá rẹ̀ kó lé e lọ́wọ́, débi pé ọ̀gá náà ò mọ ohun tó ní mọ́ àfi oúnjẹ tó ń jẹ. Ẹ rò ó wò ná. Ẹrú ni, kò sẹ́ni tó ń yẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ wò, a ò sì gbọ́ pé ohun kan dín. Ìgbà tí obìnrin yẹn wá pè é, ohun tó kọ́kọ́ tẹnu rẹ̀ jáde ni pé ọ̀gá òun ti fi gbogbo ilé lé òun lọ́wọ́. Lójú tèmi, inú yàrá ìkẹ́rùsí ló ti kọ́ sísá tó sá lọ́jọ́ yẹn.

Màmá mi ń ta gàrí àti ìrẹsì. Ẹni tó bá ń lọ sọ́jà mọ kóńgò tí wọ́n ti lu ìdí rẹ̀ wọnú: òkè rẹ̀ á ga bí òkìtì, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ti jẹ ẹ̀kúnwọ́ kan tàbí méjì. Tiwọn pẹrẹsẹ. Nítorí ẹ̀, owó tiwọn fi díẹ̀ ju ti ìsọ̀ kejì lọ, àwọn oníbàárà á ní "Ìyá yìí ti wọ́n jù", wọ́n á yà síbẹ̀. Mo ti jókòó níbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé títí oòrùn fi wọ̀, tá a tún ru àpò gàrí kan náà padà sílé. Inú mi kì í dùn, mi ò ní parọ́. Mo bi wọ́n pé ṣé kóńgò ni Ọlọ́run máa bi wọ́n. Wọ́n ní, "Ta ló ń bù ú? Ṣebí ọwọ́ mi ni." Orin Dáfídì 24 náà, ọwọ́ ló kọ́kọ́ dárúkọ kó tó kan àyà.

Ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyí. WAEC ti ń bọ̀. Owó kan ń lọ káàkiri kíláàsì wa, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní ìdáhùn máa wọlé sórí WhatsApp kílẹ̀ tó mọ́. Èyí tó dùn mí jù ni pé àwọn ará fẹlóṣíìpù wà lára àwọn tó ń dá a. Wọ́n ń gbààwẹ̀ nítorí ìdánwò, wọ́n tún ń sanwó expo. Ọ̀kan nínú wọn ní Ọlọ́run lè gba ọ̀nà expo dáhùn àdúrà.

Kò rọrùn o. Bí gbogbo kíláàsì bá gba A, témi gba C, yunifásítì ò ní béèrè ẹni tó fojú ara rẹ̀ kàwé. Jósẹ́fù pàápàá, ẹ̀wọ̀n ló kọ́kọ́ rí gbà. Agbọ́tí Fáráò tó ṣe lóore gbàgbé rẹ̀ fún ọdún 2 gbáko, ó sì ti pé ọmọ ọdún 30 kó tó dúró níwájú Fáráò. Láti 17, ọdún 13 nìyẹn.

Wọ́n ní kí owó pé ní ọjọ́ Ẹtì. Orúkọ mi ò sí níbẹ̀. Físíìsì ló ń dà mí láàmú jù, pàápàá ti ìmọ́lẹ̀ àti dígí. Ẹni tó bá fẹ́ ká jọ máa kà á lẹ́yìn ìparí kíláàsì, orí bẹ́ǹṣì kejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ni mo máa ń wà. Ẹ mú ìwé ìbéèrè àtijọ́ tiyín dání, tèmi ti ya.