Awò Olójú Méjì fún Igbó Amurum

Ní ìlà-oòrùn Jọ́ọ̀sì, lẹ́bàá Laminga, ni igbó Amurum wà láàárín àpáta. Ẹyẹ pupa kékeré kan ń gbé níbẹ̀ tí àwọn onímọ̀ fún lórúkọ ní 1998. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe ń yọ díẹ̀ pamọ́ nínú owó oṣù réluwé mi, kí n lè ra awò olójú méjì ti Zeiss, ilé-iṣẹ́ Jámánì, tí a fi ń wo ọ̀nà jíjìn.

8x42 wà, 10x42 sì wà. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni iye ìgbà tí awò ń mú nǹkan sún mọ́ni. 42 ni fífẹ̀ dígí iwájú ní mìlímítà. Ọ̀rẹ́ mi ọdẹ ní kí n ra 10. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ bá gbọ̀n, 10 ń fi í hàn jù, 8 sì mọ́lẹ̀ jù ú lọ ní ìdájí. 8 ni n ó rà.

A kì í ṣọdẹ ní Amurum. Ṣùgbọ́n mo bẹ ọ̀rẹ́ mi kí òun náà ra awò tirẹ̀ fún ibi tí ó ti ń ṣọdẹ. Ohun tí ó ń mi ewé lè jẹ́ obìnrin tí ń ṣẹ́gi. Kí ọdẹ kọ́kọ́ fi awò wò ó dájú, kí ó tó gbé ìbọn sókè. Ọta tí ó bá ti jáde, kò ṣeé pè padà.