A Kì í Fá Orí Lẹ́yìn Olórí

Àwọn baba wa ní a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Òwe yìí kò ṣòro í yé, ọmọdé pàápàá mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú rẹ̀ tí a kì í sábà kíyè sí. Òwe náà kò ní kí onígbàjámọ̀ bi olórí léèrè irú abẹ tí ó fẹ́. Ohun tí ó sọ ni pé olórí gbọ́dọ̀ ti jókòó kí abẹ tó kan irun. Bí irun bá ti bọ́ sílẹ̀ tán kí a tó lọ pe olórí wá, ìbéèrè yòówù tí a bá bi í nígbà náà, ó ti pẹ́ jù. Èyí ni ó yẹ kí ènìyàn ní lọ́kàn bí ó bá fẹ́ mọ bí ìjọba ti ń bá ará ìlú fikùn lukùn lórí ọ̀nà, èbúté, ilé àti ààtàn. Kò sì sí ibi tí a ti lè kọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀ dáadáa ju Àkrá, olú-ìlú Gánà, nítorí pé irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ ti wà ní etí òkun ibẹ̀ láti ìgbà ayé Ọbabìnrin Fikitóríà.

Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹrin ọdún 1852, gómìnà òyìnbó, Stephen John Hill, kó àwọn ọba àti ìjòyè etí òkun jọ sí Cape Coast. Ó ṣàlàyé fún wọn pé owó ni a fi ń la ọ̀nà, owó ni a sì fi ń kọ́ ilé-ẹ̀kọ́. Wọ́n fi ohùn ṣọ̀kan pé kí olúkúlùkù, ọkùnrin, obìnrin àti ọmọdé, máa san ṣílè kan lọ́dún. Ìpàdé wáyé, ìwé sì wà. Lójú gómìnà, a ti bi ìlú léèrè, ìlú sì ti dáhùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó di ọdún 1854, àwọn ará Osu, Labadi àti Teshie, tí gbogbo wọn wà létí òkun ní ìhà ìlà-oòrùn Àkrá, kọ̀ jálẹ̀ pé àwọn kò san mọ́. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ Scourge yin àgbá lu àwọn ìlú náà. Ìlú tí a ní a fẹ́ tún ṣe ni a wó. Owó-orí náà rá pálá fún ọdún díẹ̀ sí i, lẹ́yìn náà ó kú. Àwọn tí ó kọ ìtàn rẹ̀ sì sọ pé owó oṣù àwọn tí ń gbà á ni ó jẹ èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ọ̀nà àti ilé-ẹ̀kọ́ kò rí tó bẹ́ẹ̀ gbà.

Nígbà tí ó pé ọgọ́rùn-ún ọdún gééré lẹ́yìn ìpàdé Cape Coast, ní 1952, ìjọba gba ilẹ̀ Tema. Abúlé apẹja àwọn Gã ni Tema nígbà náà, nǹkan bí máìlì 18 sí Àkrá. Àwọn ará ibẹ̀ ní Torman ni orúkọ rẹ̀ àtijọ́, tí ìtumọ̀ rẹ̀ í ṣe ìlú igbá, nítorí itàkùn igbá tí ó pọ̀ níbẹ̀. Ilẹ̀ tí ìjọba gbà fẹ̀ tó 64 máìlì onígun mẹ́rin. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro í mọ̀. Àkrá kò ní èbúté tí ọkọ̀ ńlá lè sún mọ́. Ọkọ̀ a dúró ní ọ̀ọ́kán lójú òkun, àwọn géńdé a sì máa fi ọkọ̀ alájẹ̀ kó ẹrù la ìgbì kọjá wá sí ilẹ̀. Ìjọba fẹ́ èbúté gidi, ó sì fẹ́ kọ́ ìlú ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Abúlé náà wá bọ́ sí ibi tí èbúté yóò wà.

Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé wọn kò bá àwọn ará Tema sọ̀rọ̀. Àwọn tí a gbé iṣẹ́ ìlú tuntun náà fún ni Maxwell Fry àti Jane Drew, tọkọtaya ayàwòrán ilé tí àwọn ará Nàìjíríà mọ iṣẹ́ ọwọ́ wọn, nítorí àwọn ni wọ́n ya àwọn ilé àkọ́kọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn. Wọ́n ti kọ ìwé jáde ní 1947 lórí bí a ṣe ń kọ́ ilé abúlé ní ilẹ̀ olóoru, wọn kì í sì í ṣe ẹni tí ó rò pé ọgbọ́n gbogbo ti Lọ́ńdọ̀nù wá. Agbo ilé ni wọ́n yà fún àwọn ará Tema, tí yàrá yí àgbàlá ká gẹ́gẹ́ bí a ti mọ̀ ọ́n ní ilẹ̀ wa, wọ́n sì bá ìjòyè àti àwọn àgbà jíròrò lé e lórí.

Ìjíròrò náà kì í ṣe àṣedànù, nítorí pé ohun tí àlejò kò lè mọ̀ láìbéèrè pọ̀. Ní ìlú Gã àtijọ́, tọkọtaya kì í sábà gbé agbo ilé kan náà. Agbo ilé ọkùnrin wà lọ́tọ̀, níbi tí baba àti àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ tí ó ti dàgbà ń gbé; ti obìnrin wà lọ́tọ̀, níbi tí ìyá, àwọn ọmọbìnrin àti àwọn ọmọdé ń gbé. Ẹni tí ó bá jókòó sí ọ́fíìsì, tí ó ya ilé fún baba, ìyá àti ọmọ méjì, ti ya ilé fún ẹbí tí kò sí.

Síbẹ̀síbẹ̀, àwọn ará Tema kò kó. Ibojì àwọn baba wọn wà lórí ilẹ̀ náà. Òrìṣà wọn, Sakumo, ní ọ̀sà tirẹ̀ nítòsí, ó sì ní àwòrò tí àwọn Gã ń pè ní wulomo. Ṣé katakata ni a ó fi gbé òrìṣà ni? Ọdún kan kọjá, ó di méjì, ó di mẹ́ta. Orílẹ̀-èdè gba òmìnira ní 1957, ó yí orúkọ padà kúrò ní Gold Coast, ó di Gánà. Àwọn ará Tema ṣì ń jiyàn. Ní ọdún náà gan-an ni ẹgbẹ́ kan tí ń jẹ́ Ga Shifimo Kpee dìde ní Àkrá, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Gã tí ń bọ́ lọ́wọ́ ọmọ Gã sì wà lára ohun tí ń dùn wọ́n jù. Ó di 1959 kí àwọn ará Tema tó kó lọ sí ìlú tuntun, tí wọ́n sọ ní Manhean, èyí tí í ṣe ìlú tuntun ní èdè wọn. Ọdún méje gbáko ni ó gbà.

Nígbà tí ènìyàn bá wo ọ̀rọ̀ yìí fínnífínní, yóò rí ibi tí ó ti wọ́. Wọ́n bi àwọn ará Tema léèrè bí ilé tuntun yóò ti rí. Kò sí ẹni tí ó bi wọ́n bóyá wọn yóò kúrò ní ilé àtijọ́, nítorí pé a ti parí ìyẹn kí ẹnikẹ́ni tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Àwọn ará abúlé lọ sí ìpàdé láti dáhùn ìbéèrè kejì, ọkàn wọn sì wà lórí ìbéèrè kìn-ín-ní. Ìjọba rò pé àwọn ènìyàn náà lórí kunkun. Àwọn náà rò pé ìjọba di etí. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ kọjá ara wọn.

A kò gbọdọ̀ wá tìtorí èyí sọ pé kò yẹ kí èbúté Tema wà. Láti 1962 tí Nkrumah ti ṣí i, òun ni ẹnu ọ̀nà Gánà sí ayé, ẹrù àwọn ará Bùrùkínà Fasò, Málì àti Nìjẹ̀r sì ń gba ibẹ̀ kọjá. Bí abúlé kọ̀ọ̀kan bá lè fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀ kí iṣẹ́ gbogbo orílẹ̀-èdè dúró, a kò ní kọ́ èbúté kankan láéláé. Ohun tí ó yẹ ni kí aṣojú ìjọba dìde ní ọjọ́ kìn-ín-ní, kí ó sọ ọ́ gbangba: ohun báyìí báyìí ti parí, kò sí lọ́wọ́ yín mọ́, ohun báyìí báyìí ṣì wà lọ́wọ́ yín, ọ̀rọ̀ yín lè yí i padà. Ìkorò ìyẹn pọ̀ o. Ṣùgbọ́n ẹni tí a bá sọ òtítọ́ fún lè bínú kí ó sì tún jókòó dúnàádúrà. Ẹni tí a bá fi ìbéèrè tàn jẹ kì í gba ìbéèrè kejì gbọ́.

Odò Volta tún tóbi ju èyí lọ. Láti 1953 ni ìgbìmọ̀ kan, tí Robert Jackson jẹ́ olórí rẹ̀, ti ń yẹ ọ̀rọ̀ ìdídò náà wò, ìròyìn wọn sì jáde ní 1956. Nígbà tí a wá dí odò náà ní Akosombo láàárín 1961 sí 1965, nǹkan bí 80,000 ènìyàn ni ó kó kúrò ní abúlé tí ó lé ní 700, tí a sì pín wọn sí ìlú tuntun 52. Ọ̀pọ̀ kò pẹ́ níbẹ̀ tí wọ́n tún fi kó ẹrù wọn lọ.

Òfin ti yàtọ̀ sí ti àtijọ́. Òfin ìpìlẹ̀ Gánà ti 1992 sọ pé kí ará ìlú ní ipa nínú ìṣàkóso àdúgbò wọn. Ní 1999 ni òfin mìíràn tún jáde lórí àyíká, tí ó ní kí a gbé ìgbìmọ̀ ìgbẹ́jọ́ ìta gbangba kalẹ̀ bí iṣẹ́ kan bá fẹ́ ṣí ènìyàn nípò tàbí bí ariwo rẹ̀ bá pọ̀ láàárín ìlú. Ó ní kí ìdámẹ́ta ìgbìmọ̀ náà, ó kéré tán, jẹ́ olùgbé àdúgbò tí ọ̀rọ̀ kàn, kí alága má sì jẹ́ ará ibẹ̀. Òfin tí ó gbọ́n ni. Ṣùgbọ́n òfin kì í pe ìpàdé. Ènìyàn ní ń pè é.

Ìpípè náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Àwọn apẹja Gã kì í wọ òkun ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, èèwọ̀ ni. Akọ̀wé tí ó bá pe ìpàdé etí òkun sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun yóò rí ọkùnrin. Èyí tí ó bá pè é sí Ọjọ́bọ̀ yóò rí àga. Kí ọdún Homowo tó dé, a kì í lu ìlù ní ìlú Gã fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọjọ́. Ẹni tí ó bá fi ìlù pe ìlú jọ ní àkókò náà ti dá ìjà sílẹ̀ kí ó tó la ẹnu. Obìnrin ni ó ń ra ẹja lọ́wọ́ apẹja, tí ń yan án, tí ń gbé e lọ sí ọjà. Bí ọkọ̀ bá ti gúnlẹ̀, kò sí ìpàdé tí yóò mú wọn jókòó. Bí a bá sì fẹ́ tún etí òkun kọ́, ibi ìyanja wọn ni ó kọ́kọ́ ń lọ.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ èdè. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ ìwé iṣẹ́, ó sì nípọn. Ẹnjiníà lè sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan kí ògbifọ̀ túmọ̀ rẹ̀ ní gbólóhùn mẹ́ta. Àwòrán ilẹ̀ tí a gbé kọ́ ara ògiri ní àwọ̀ aláwọ̀ pupa àti àwọ̀ ewé. Ta ni yóò sọ fún ìyá àgbà pé ilà tẹ́ẹ́rẹ́ dúdú tí ó gba àárín rẹ̀ kọjá, inú yàrá rẹ̀ ni ó gbà? Ní abúlé púpọ̀, olùkọ́ ni a ń yíjú sí fún èyí. Iṣẹ́ ńlá ni, bí kò tilẹ̀ sí nínú ìwé tí a fi gbà á síṣẹ́: kí ó mú ìyá náà dé iwájú àwòrán, kí ó fi ìka rẹ̀ lé e, kí ó sì dúró tì í títí yóò fi béèrè ohun tí ó fẹ́ béèrè.

Ó tún ku ti àlejò. Ìpàdé ní Àkrá mọ onílẹ̀, ó mọ ìjòyè, ó mọ àwòrò; kì í sábà mọ ayálégbé. Lẹ́bàá ọ̀sà Korle ni Old Fadama wà, tí àwọn ènìyàn fi orúkọ ẹ̀gàn pè ní Sódómù àti Gòmórà. Àwọn ará òkè Gánà ni ó pọ̀ jù níbẹ̀. Ìjọba fẹ́ tún ọ̀sà náà ṣe, iṣẹ́ tí ó dára tí ó sì yẹ. Ní 2002, ìgbìmọ̀ ìlú Àkrá fún wọn ní ìwé pé kí wọ́n kó. Wọ́n lọ sí ilé-ẹjọ́, ilé-ẹjọ́ kò dá wọn láre, nítorí pé wọn kò ní ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀ náà. Ẹni tí kò ní ilẹ̀ kò ní ẹnu. Ohun tí wọ́n wá ṣe ni pé wọ́n ka ara wọn, láti ilé dé ilé, pẹ̀lú ìwé àti gègé. Iye tí wọ́n kà ní 2009 lé ní 79,000. Ó ṣòro láti sọ pé ènìyàn tí ó tó báyìí kò sí. Síbẹ̀, lẹ́yìn ìkún omi ọjọ́ 3 oṣù kẹfà ọdún 2015, a tún wó apá kan ibẹ̀.

Yorùbá kò lè gbọ́ èyí kí ó ṣe bí ẹni pé kò kan òun. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àlejò tí kò bá ní ìwé ìgbé-ìlú kúrò ní Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Òfà àti Ìnísà tí ó ti ń ná ọjà níbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, tí wọ́n bí ọmọ níbẹ̀, tí wọ́n ń san owó-orí níbẹ̀, di ẹrù wọn. Lára wọn ni a ti rí ẹni tí kò mọ ọ̀nà ilé baba rẹ̀ mọ́.

Kì í ṣe ibi gbogbo ni a ti fá orí tán. Ní Kwabenya, lẹ́yìn òdì Àkrá, wọ́n fẹ́ kọ́ ààtàn ńlá fún ìdọ̀tí olú-ìlú, Báńkì Àgbáyé yóò sì fi owó sí i. Àwọn ará Agyemankata, tí ilé wọn sún mọ́ ibẹ̀, ní a kò fikùn lukùn pẹ̀lú àwọn bí ó ti yẹ. Wọn kò yọ àdá. Ní 2007 wọ́n gba ọwọ́ ẹgbẹ́ agbẹjọ́rò kan kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ tí ó ń yẹ iṣẹ́ báńkì náà wò, ìgbìmọ̀ náà sì wá, ó rìn yí ibẹ̀ ká, ó kọ ìròyìn rẹ̀ ní 2009. A kò kọ́ ààtàn náà sí Kwabenya mọ́. Ìdọ̀tí Àkrá kò tìtorí ìyẹn dín kù; ojoojúmọ́ ni ọkọ̀ ń kó o jáde lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn ẹlòmíràn, tí àwọn náà ní ilé, tí wọ́n sì ní ẹnu.