Kí Ẹ Tó Gbéra Lọ sí Ilẹ̀ Jọ́dánì

Láti ìgbà tí àwa àti àwọn ará mọ́kànlélógún ti ti ilẹ̀ Jọ́dánì dé ni àwọn ènìyàn ti ń wá bá wa nílé ní Sùúrùlérè lẹ́yìn ìsìn. Àwọn kan ń béèrè omi odò Jọ́dánì, àwọn kan ń béèrè àwòrán. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ó pọ̀ jù ni pé, "Pásítọ̀, kí ni kí a mú dání, kí sì ni kí a yẹra fún?" A wá rò ó pé ó sàn kí a kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn wa yìí.

Ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé Ísírẹ́lì nìkan ni ilẹ̀ Bíbélì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òkè Nébò tí Mósè ti wo Ilẹ̀ Ìlérí (Deutarónómì 34), odò Jábókù tí Jákọ́bù ti jìjàkadì, àti Bẹ́tánì òdìkejì odò níbi tí Jòhánù ti ń ṣe ìrìbọmi (Jòhánù 1:28), inú orílẹ̀-èdè Jọ́dánì òde òní ni gbogbo wọn wà. Èdè Lárúbáwá ni wọ́n ń sọ níbẹ̀. Mùsùlùmí ni ó pọ̀ jù nínú wọn, ṣùgbọ́n àwọn Kristẹni wà tí ìdílé wọn ti ń sin Olúwa níbẹ̀ kí ìyìn rere tó dé Badagry rárá.

Ọ̀rọ̀ èdè ni ó kọ́kọ́ ba àwọn ìyá inú ẹgbẹ́ wa lẹ́rù. Nígbà tí àwa ń gbé Múṣìn, Ààfáà kan ni aládùúgbò wa, ènìyàn jẹ́jẹ́ ni. A lọ bá a pé kí ó kọ́ wa ní ọ̀rọ̀ díẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní, "Pásítọ̀, ẹ̀yin tí ẹ ti ń fi Lárúbáwá wàásù láti ọjọ́ yìí!" Ó bẹ̀rẹ̀ sí kà á fún wa: wàásù, àdúrà, àlàáfíà, wòlíì, wákàtí, kèfèrí. Láti inú Lárúbáwá ni gbogbo wọn ti wọ èdè Yorùbá kí Bíṣọ́ọ̀bù Crowther àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó lò wọ́n nínú Bíbélì wa. Àlùbọ́sà tí ẹ ń rà ní ọjà Múṣìn náà, ibẹ̀ ni ó ti wá. Nítorí náà, ẹ má bẹ̀rù. Bí ẹ bá pàdé ènìyàn, ẹ sọ pé "marhaba". Kristẹni àti Mùsùlùmí ni ó ń fi í kíni. "Shukran" ni ẹ ṣé. "Bikam?" ni èló. Bí àwọn tí ń ta ọjà bá rọ̀ mọ́ yín lọ́rùn, "la, shukran" ni kí ẹ sọ, kí ẹ sì máa rìn lọ. Ẹ má dúró rẹ́rìn-ín, nítorí ẹni tí ó bá rẹ́rìn-ín ti ra ọjà nìyẹn.

Ẹ tún kọ́ òǹkà wọn. Àmì tí ó dà bí òdo tiwa, márùn-ún ni lọ́dọ̀ wọn. Òdo tiwọn kò ju ẹ̀ṣọ́ kékeré kan lọ. Díákónì wa kan rò pé òun rí ohun tí iye rẹ̀ kò tó nǹkan, ó ti ń ṣí àpamọ́wọ́ kí a tó fà á sẹ́yìn.

Ohun kan tún wà tí a fẹ́ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó dé ibẹ̀. Ní ìlú Mádábà, a wọ ilé ìjọsìn Ọ́tódọ́ọ̀sì ti Jọ́ọ̀jì Mímọ́, níbi tí àwòrán ilẹ̀ Bíbélì wà ní ilẹ̀ẹ́lẹ̀, tí wọ́n fi òkúta wẹ́wẹ́ tò láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹfà lẹ́yìn ikú Olúwa wa. Bí a ti dúró, a gbọ́ tí bàbá arúgbó kan ń gbàdúrà, tí ó ń pe "Allah". Arábìnrin kan yára jáde, ó ní wọ́n ti mú wa wọ mọ́ṣáláṣí. A ní láti pè é padà. Orúkọ tí àwọn Kristẹni Lárúbáwá ń pe Ọlọ́run nìyẹn, òun ni ó sì wà nínú Bíbélì wọn. Kí a tó ti Èkó lọ kọ́ wọn ní ìsìn, ó yẹ kí a bọ̀wọ̀ fún wọn díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó ńkọ́? Wọn kò ní bá yín ṣẹ́ náírà. Dọ́là ni kí ẹ mú lọ, kí ó jẹ́ tuntun tí kò ya tí a kò sì kọ nǹkan sí. Dínárì ni owó wọn, ó sì lágbára ju dọ́là lọ. Láti ọdún 1995 ni wọ́n ti so ó mọ́ dọ́là lójú kan, tí ó fi jẹ́ pé ọgọ́rùn-ún dọ́là kò fún yín ju nǹkan bí àádọ́rin dínárì lọ. Nígbà tí wọ́n ka owó fún ìyá kan nínú wa, ó figbe ta pé wọ́n ti rẹ́ òun jẹ. Wọn kò rẹ́ ẹ jẹ o. Ọjọ́ Jímọ̀ àti Sátidé ni ìsinmi wọn, ẹ má fi ìpààrọ̀ owó sí ọjọ́ Jímọ̀. Wákàtí méjì ni aago wọn fi ṣíwájú tiwa.

Ní ti aṣọ, ẹni tí ó sọ fún yín pé aṣálẹ̀ kì í tutù kò tíì dé Amman nínú oṣù Kìíní. Yìnyín máa ń bọ́ níbẹ̀ nígbà mìíràn. Ẹ mú súwẹ́tà àti ìbọ̀sẹ̀, kí ẹ fi léèsì sílẹ̀ nílé. Kí àwọn obìnrin bo èjìká àti orúnkún, kí àwọn ọkùnrin má wọ ṣòkòtò péńpé wọ ibi ìjọsìn. Bàtà tí ẹ ti fi rìn dáadáa ni kí ẹ wọ̀, nítorí ní Pétrà, ẹ óò rin ọ̀nà tóóró láàárín àpáta tí ó ju kìlómítà kan lọ kí ẹ tó rí ilé ńlá tí wọ́n gbẹ́ sínú òkúta. Ní Òkun Iyọ̀, tí ó fi bí 430 mítà rẹlẹ̀ ju ojú òkun lọ, ẹ rọra dùbúlẹ̀ sẹ́yìn, omi náà yóò gbé yín. Ẹ má fi bọ ojú rárá. Bí ẹ bá sì fá irùngbọ̀n ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, ẹ óò mọ̀ pé ẹ fá a.

Nígbà Ramadan, ẹ má jẹun tàbí mu omi ní gbangba ní ọ̀sán. Èyí kò ṣòro fún ẹni tí ó bá ti gbé Múṣìn rí. Èyí tí ó ṣòro fún wa ni ìwàásù. Ẹ̀yin mọ̀ wá, ẹni tí ó bá ti kọjá ní Ìdí-Òró ní aago márùn-ún ìdájí mọ ohùn wa. Ṣùgbọ́n àwọn aláṣẹ ibẹ̀ kò gbà kí àlejò máa yí Mùsùlùmí lọ́kàn padà, tàbí kí ó máa pín ìwé àṣàrò. Ẹ fi agogo sílẹ̀ nílé. Bákan náà ni ibi ìrìbọmi: odò náà tóóró, omi rẹ̀ pọ́n, òun sì ni ààlà; ẹ óò rí àwọn ọmọ ogun Ísírẹ́lì ní èbúté kejì. Ẹ má yà wọ́n ní àwòrán. Omi tí ẹ bá sì bù, inú àpótí tí yóò wọ ikùn ọkọ̀ ni kí ẹ fi sí. Àwa fi ìgò mẹ́rin sínú àpò ọwọ́, inú agbọ̀n ìdọ̀tí ní pápákọ̀ òfurufú ni gbogbo rẹ̀ parí sí.

Ní ti ìwé, ẹ gba káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú ní ọ̀dọ̀ ìjọba, kì í ṣe lọ́wọ́ ẹni tí ó dúró sí ẹnu ọ̀nà. Láti ọdún 2016, abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo tó fún gbogbo ọjọ́ ayé. Ẹ má sanwó fún ẹnikẹ́ni kí ẹ tó wádìí rẹ̀. Àjọ Arìnrìn-àjò Mímọ́ ti Kristẹni, NCPC, tí òfin dá sílẹ̀ ní ọdún 2007, wà fún èyí. Ẹ gbọ́ ìròyìn pẹ̀lú. Nínú oṣù Kẹrin 2024 àti oṣù Kẹfà 2025, nígbà tí Ìráànì àti Ísírẹ́lì ń ju ohun ìjà sí ara wọn, Jọ́dánì ti ojú òfurufú rẹ̀ pa fún ìgbà díẹ̀.

Ẹ̀yin ará, ẹ fetí sí èyí dáadáa: ẹ má bá ẹnikẹ́ni gbé ẹrù. Ní oṣù Kejìlá 2018, akẹ́kọ̀ọ́ kan gbéra láti Kánò lọ sí Sáúdí fún iṣẹ́ ìsìn tirẹ̀. Àwọn ènìyànkénìyàn ti so orúkọ rẹ̀ mọ́ àpò tí tramadol wà nínú rẹ̀. Ó wà ní àtìmọ́lé títí di oṣù Kẹrin 2019 kí wọ́n tó dá a sílẹ̀. Ẹni tí kò gbé ẹrù ẹlẹ́rù nìyẹn o! Ẹ ka àpótí yín, ẹ ya àwòrán rẹ̀, ẹ wo orúkọ tí wọ́n so mọ́ ọn. Oògùn tí ẹ ń lò, ẹ fi í sílẹ̀ nínú páálí rẹ̀ pẹ̀lú ìwé dókítà.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan, kò sì rọrùn fún wa láti kọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà nínú ẹgbẹ́ wa, ó ní ìsọ̀ kékeré ní Yàbá. Àwa ni a ṣe onídùúró fún un. Ní alẹ́ tí ó kẹ́yìn ní Amman, Màmá Díákónì kan tí kò rí oorun sùn rí i tí ó ń gbé àpótí sọ̀kalẹ̀. Màmá wá kan ilẹ̀kùn wa. A bá a níbi àtẹ̀gùn, a sì jókòó tì í títí di aago mẹ́ta òru. Ó sọ fún wa pé kì í ṣe òkè Nébò ni òun bá wá. Ẹnì kan ti ṣèlérí iṣẹ́ fún òun lórí fóònù. Òun ti yá owó, òun ti ta ẹ̀rọ inú ìsọ̀ òun, bí òun bá padà sí Yàbá, ojú wo ni òun fẹ́ fi wo àwọn olówó?

A kò bá a jà. A ní kí ó pe ẹni náà níṣojú wa. Ohun tí ẹni náà kọ́kọ́ béèrè ni ẹgbẹ̀ta dọ́là, lẹ́yìn náà ni ó ní kí ó mú ìwé ìrìnnà rẹ̀ wá fún òun láti tọ́jú. Ọmọ náà gbé fóònù sílẹ̀, ó wo Màmá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí sunkún.

Ó bá wa padà sílé. Àwọn tí ó jẹ lówó wá dúró ní ẹnu ọ̀nà ìjọ ní ọ̀sẹ̀ kejì, òótọ́ ni ẹ̀rù tí ó bà á. A bẹ̀ wọ́n, wọ́n gbà kí ó máa san án díẹ̀díẹ̀. Màmá Díákónì ni ó ń tọ́jú ìwé ìṣirò náà, ó sì máa ń mú un wá ní gbogbo ọjọ́ Àìkú. Títí di bí a ti ń kọ èyí, ìdajì ti tán.