Inú Tí Abẹ Ti Kàn

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, àti ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé tí ẹ ń ka ìwé ọdọọdún yìí, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ kì í ṣe èyí tí a sábà máa ń sọ láàrin àwùjọ. Bí ẹsẹ̀ bá ń dun ènìyàn, yóò sọ fún aládùúgbò rẹ̀; bí orí bá ń fọ́ ọ, yóò fi ọ̀já dì í, gbogbo ayé yóò sì kí i kú ìnira. Ṣùgbọ́n bí ìgbẹ́ gbuuru bá ń yọ ọ́ lẹ́nu lójoojúmọ́, yóò pa á mọ́ra, yóò sì máa wá àwáwí. Ìtìjú yìí ni ó mú kí a mú gègé wa lọ́wọ́, nítorí a mọ̀ pé àwọn kan wà láàrin yín tí wọ́n ń jìyà nínú ìdákẹ́jẹ́.

Àwa tí a ń kọ ìwé yìí jẹ́ katikíìsì ní Ìpele, nítòsí Ọ̀wọ̀, a sì ti lé ní ẹni ogójì ọdún. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ibà táífọ́ọ̀dù dá wa gúnlẹ̀. Kòkòrò àrùn yìí a máa bá omi tàbí oúnjẹ àìmọ́ wọ inú, bí a kò bá sì tètè tọ́jú rẹ̀, ó lè lu ìfun ní ọ̀sẹ̀ kejì tàbí ìkẹta. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí fún wa. Àwọn oníṣègùn ní ilé ìwòsàn ńlá ti ìjọba àpapọ̀ ní Ọ̀wọ̀ là wá nínú, wọ́n gé ibi tí ó ti bàjẹ́ kúrò, ìwọ̀n bí ẹsẹ̀ bàtà 2, wọ́n sì rán èyí tí ó kù pọ̀. Ẹ̀mí wa yè, a sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ojú ọgbẹ́ ti jinná tán, ìgbẹ́ gbuuru kò lọ. Ní ọjọ́ mìíràn a ń yàgbẹ́ ní ìgbà 9 láàrin òwúrọ̀ sí alẹ́. Ẹ fi ojú inú wo ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti dúró níwájú ìjọ fún wákàtí 2, tí kò sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun yóò dúró fún ìṣẹ́jú 20. A kọ ìwé pé a fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀, a sì fi í sínú àpótí títí di òpin oṣù.

Kí ni ó fà á? Ó yẹ kí a mọ̀ ọ́n, nítorí ẹni tí kò mọ ibi tí òrùlé rẹ̀ ti ń jò kò lè mọ ibi tí yóò gbé àkàbà tì. Ẹ̀dọ̀ a máa ṣe omi kíkorò kan tí à ń pè ní òróòro, òun ni ó ń bá wa yọ́ ọ̀rá inú oúnjẹ. Nígbà tí òróòro bá ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán, apá ìgbẹ̀yìn ìfun tínrín a fà á padà sínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ a sì gbé e padà sọ́dọ̀ ẹ̀dọ̀. Apá yìí gan-an ni táífọ́ọ̀dù sábà máa ń lu, òun náà sì ni a gé kúrò nínú tiwa. Òróòro tí kò rí ẹni dá a padà a wá ṣàn wọ inú ìfun ńlá, a sì máa ta á, títí ìfun ńlá yóò fi máa tu omi jáde dípò kí ó máa fà á mu. Ibẹ̀ kan náà ni ara ti ń gba fítámì B12, nítorí náà ẹni tí a gé púpọ̀ nínú rẹ̀ kúrò lè máa gba abẹ́rẹ́ fítámì yìí láti ìgbà dé ìgbà, kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ má baà dínkù.

Nínú ìtọ́jú, omi ni ó ṣáájú. Omi àti iyọ̀ tí ó ń bá ìgbẹ́ jáde ni pípàdánù wọn ń pa ènìyàn. Ní ọdún 1971, nígbà tí ogun lé ọ̀pọ̀ ènìyàn kúrò ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Bangladesh lónìí wọ ilẹ̀ Íńdíà, àrùn onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ nínú àgọ́ wọn. Omi tí à ń fà sí iṣan kò tó lọ́wọ́ dókítà Dilip Mahalanabis. Ó wá po iyọ̀ àti ṣúgà mọ́ omi, ó sì ní kí a máa fún àwọn aláìsàn mu. Àwọn tí ń kú, tí wọ́n tó bí 30 nínú 100 tẹ́lẹ̀, dínkù títí wọn kò fi tó 4 nínú 100. Ìdí rẹ̀ ni pé ṣúgà a máa ṣílẹ̀kùn ìfun fún iyọ̀, omi a sì tẹ̀lé wọn wọlé. Ní orílẹ̀-èdè wa, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè Ransome-Kuti, ọmọ Àlùfáà Israel Ransome-Kuti tí í ṣe olùkọ́ bíi tiwa, jẹ́ mínísítà ètò ìlera láti ọdún 1985 sí 1992, ó sì wà lára àwọn tí wọ́n mú kí àwọn ìyá ọlọ́mọ mọ omi yìí dáradára.

Báyìí ni a ń po ó. A ó mú omi mímọ́ lítà 1, èyí tí í ṣe omi inú ọ̀rá 2, bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ sẹ́ńtílítà 50. A ó fi ṣúgà ṣíbí kékeré 6 sí i, irú ṣíbí tí a fi ń po tíì, kí a fi ọ̀bẹ gbá ojú rẹ̀ dọ́gba. A ó sì fi iyọ̀ ìlàjì ṣíbí kan náà sí i. Kí iyọ̀ má ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí iyọ̀ àpọ̀jù léwu. Ohun tí ó bá kù di ọjọ́ kejì, kí a dà á nù. Ẹni tí a gé ìfun rẹ̀ kò gbọdọ̀ rò pé omi lásán púpọ̀ lè rọ́pò èyí, nítorí omi lásán kò lè dá iyọ̀ tí ó ti lọ padà.

Oúnjẹ ni ó tẹ̀lé e. Ìyá àwọn ọmọ wa pín oúnjẹ ẹ̀ẹ̀mẹta wa sí ẹ̀ẹ̀mẹfà, díẹ̀díẹ̀. Ó dín epo àti ata kù, ó sì mú dòdò àti àkàrà kúrò, nítorí ọ̀rá ni ó ń pe òróòro jáde. Ìrẹsì, ẹ̀kọ gbígbóná, ẹja tí a sè àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tí kò tíì pọ́n ni a wá ń jẹ jù. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n ní oko kòkó wa, a kò sì mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé oògùn ni ó wà lẹ́yìnkùlé wa. Ní ọdún 2001, àwọn oníwàádìí ní Bangladesh fi ìròyìn kan jáde pé wọ́n fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tútù tí a sè kún ìrẹsì fún àwọn ọmọdé tí àrunṣu wọn kọ̀ tí kò dá, ara wọn sì yá kíákíá ju ti àwọn tí ó jẹ ìrẹsì nìkan lọ. Apá kan nínú ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà kì í dà nínú ìfun tínrín. Ó di inú ìfun ńlá kí ó tó yí padà sí ohun tí ń ran ìfun náà lọ́wọ́ láti fa omi àti iyọ̀ mu.

Oògùn dókítà ni ìkẹta. Oríṣi 2 ni a fún wa. Ọ̀kan ni loperamide, tí a ṣàwárí ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù ní ọdún 1969. Kò wo ìfun sàn; ó kàn ń mú kí ìfun rọra rìn ni, kí ó lè ráyè fa omi mu. Nítorí náà ni dókítà ṣe ní kí a máa lò ó ní ìṣẹ́jú 30 ṣáájú oúnjẹ. A kò gbọdọ̀ kọjá ìwọ̀n tí a fi lélẹ̀, nítorí ní ọdún 2016 àwọn aláṣẹ oògùn ní Amẹ́ríkà kìlọ̀ pé àpọ̀jù rẹ̀ lè da ìlù ọkàn rú. Bí ibà bá sì ń bẹ pẹ̀lú ìgbẹ́ náà, tàbí bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú rẹ̀, kí a má ṣe fọwọ́ kàn án títí a ó fi rí dókítà, nítorí kì í ṣe gbogbo ohun tí ń sáré ni ó yẹ kí a dá dúró. Oògùn kejì ni cholestyramine, ìyẹ̀fun tí a ń po mọ́ omi. Òun ni ó ń so òróòro mọ́ra kí ó má baà ta ìfun ńlá. Ṣùgbọ́n ó lè so oògùn mìíràn mọ́ra pẹ̀lú. Nítorí náà à ń lo àwọn oògùn yòókù ní wákàtí 1 ṣáájú rẹ̀, tàbí ní wákàtí 4 sí 6 lẹ́yìn rẹ̀.

Kí ni kí a wá sọ nípa ewé àti egbò? Ìyá àgbà kan ní àdúgbò wa gbé omi ewé gúáfà wá, ó ní, “Tíṣà, ẹ mu èyí, òun ni àwọn bàbá wa ń mu.” A dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, a ní, “Ẹ ṣeun, ìyá. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bi dókítà léèrè.” Dókítà kò fi ìyá náà ṣe ẹlẹ́yà. Ó ní ewé gúáfà ní ohun kíkan kan tí ń mú ìfun sunkì díẹ̀, ó ní a lè mu ife kékeré kan nígbà mìíràn, bí kò bá ti gba ipò omi iyọ̀ àti oògùn. Ẹlòmíràn gbé àgbo jẹ̀dí wá pẹ̀lú ọtí, nítorí ó gbà pé jẹ̀díjẹ̀dí ni gbogbo àìsàn ìdí. Èyí ni a kọ̀. Púpọ̀ nínú àgbo jẹ̀dí ni a sè láti fọ inú, inú tiwa sì ti ń fọ ara rẹ̀ ní ìgbà 9 lójúmọ́. Ta ni ń bu omi sínú ilé tí òjò ti ń jò sí?

Ohun tí a rí kọ́ nínú èyí ni pé kò yẹ kí a bi oògùn léèrè bóyá ti òyìnbó ni tàbí ti ilẹ̀ wa. Ìbéèrè tí ó yẹ ni pé: kí ni yóò ṣe nínú inú yìí? Ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́yìnkùlé yege nínú ìdánwò yìí, àgbo jẹ̀dí kò yege, bẹ́ẹ̀ ni loperamide pàápàá kò yege ní ọjọ́ tí ibà bá ń bẹ. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ṣùgbọ́n ọ̀nà mìíràn wà tí kò dé ọjà rárá.

Kí a lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀, a ra ìwé kékeré kan, a sì ń kọ ọ́ bí a ti kọ́ wa ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ pé kí a máa kọ ìwé orúkọ kíláàsì. A ń kọ ohun tí a jẹ, oògùn tí a lò, àti iye ìgbà tí a jáde. Ohun kan ṣoṣo ni à ń yí padà ní ọ̀sẹ̀ kan, nítorí bí a bá yí mẹ́ta padà lẹ́ẹ̀kan náà, a kò ní mọ èyí tí ó ṣe iṣẹ́. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà: ìgbà 9 di 6, 6 di 4, ó sì ti pẹ́ tí ó ti dúró sí 2 tàbí 3. Inú wa kò padà sí ti àtijọ́, kò sì ní padà. Ṣùgbọ́n a ń ka ẹ̀kọ́ ní ọjọ́ ìsinmi títí dé òpin rẹ̀, a kò sì fi ìwé inú àpótí nì ránṣẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú irú ipò yìí, bí ahọ́n yín bá gbẹ, bí ìtọ̀ yín bá kéré tí ó sì pọ́n, bí òòyì bá ń kọ́ yín, bí ikùn bá wú tàbí bí ara bá ń joro, ẹ má ṣe dúró de ọ̀la. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ sì sọ ọ́ fún dókítà bí ó ti rí gan-an, nítorí kò lè tọ́jú ohun tí a kò sọ fún un.

Ẹ̀yin olùkọ́, bí ọmọ kan bá nawọ́ sókè ní kíláàsì pé òun fẹ́ jáde, tí ó sì tún nawọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ẹ má ṣe fi í ṣe ẹlẹ́yà, ẹ má sì ṣe bi í léèrè níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ pè é sẹ́yìn, kí ẹ sì bi í jẹ́jẹ́. Ẹ sì gbé omi àti ọṣẹ sí ẹnu ọ̀nà ilé ìgbẹ́ ilé-ìwé yín, nítorí ọwọ́ àìfọ̀ àti omi àìmọ́ ni táífọ́ọ̀dù ń bá wọlé, ọmọ tí ó bá sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lè má bá abẹ pàdé.