Niamey: Ìlú Tí Wọ́n Ti Ń Ṣọ́ Òjò Nítorí Ebi

Àwọn àgbà ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ní Niamey, olú-ìlú Niger, tí Odò Ọya gbà kọjá kó tó ṣàn wọ Nàìjíríà, ilé-iṣẹ́ kan wà tí ọ̀rọ̀ ebi jẹ lógún. AGRHYMET ni orúkọ rẹ̀. Ọdún 1974 ni àwọn orílẹ̀-èdè tó wà létí aṣálẹ̀ Sahara dá a sílẹ̀, lẹ́yìn tí ọ̀dá ńlá ti run irè oko àti agbo màlúù wọn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa ṣọ́ òjò, kó sì máa wo bí jéró àti ọkà bàbà ṣe ń ṣe lóko, kí ìyàn má baà já lu ará oko lójijì.

Ṣùgbọ́n òjò nìkan kọ́ ló yẹ ní ṣíṣọ́. Ní 2004, ọ̀dá àti eéṣú ba oko jẹ́ ní Niger. Nígbà tó di 2005, jéró wà lọ́jà, àmọ́ owó rẹ̀ ga ju agbára tálákà lọ. Owó tí darandaran ń rí lórí màlúù tó ti rù kò sì tó ra oúnjẹ. Àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ni ìyà náà jẹ jù.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìyàn ń bọ̀, kó wo ojú ọ̀run, kó sì béèrè iye tí wọ́n ń ta jéró. Oúnjẹ orí àtẹ kì í ṣe oúnjẹ ẹnu.