Ta ló ni ọ̀rọ̀-ìṣe yìí?

Ìdánwò GMAT, táwọn tó fẹ́ gboyè kejì nínú ìmọ̀ òwò ṣíṣe máa ń ṣe, ní irú ìbéèrè kan fún ọ̀pọ̀ ọdún: àtúnṣe gbólóhùn.

Wọ́n á fàlà sábẹ́ apá kan gbólóhùn, wọ́n á wá to ìdáhùn márùn-ún sísàlẹ̀. Ti àkọ́kọ́ kì í yí nǹkan kan padà. Nígbà mìíràn, òun gan-an ló tọ̀nà.

Ẹ wo eléyìí: "The quality of the mangoes were good."

Etí lè má rí àléébù kankan níbẹ̀. Máńgòrò pọ̀, "were" sì tẹ̀ lé e tààrà. Àmọ́ máńgòrò kọ́ ló ni ọ̀rọ̀-ìṣe yẹn o, "quality" ni. Ẹyọ kan ṣoṣo ni, torí náà "was" ló yẹ kó wà níbẹ̀. Ẹ yọ "of the mangoes" kúrò, á hàn kedere.

Ọmọ Yorùbá tó bá gba irú èyí tó oríyìn. Ọmọ lọ, àwọn ọmọ lọ: "lọ" kì í yí padà. Ohun tí èdè ilé rẹ̀ kò bi í rí ni wọ́n ń bi í, nínú abala tó ní ìbéèrè 36 fún ìṣẹ́jú 65 nígbà náà!

Ẹ̀dà GMAT tuntun tó jáde lọ́dún 2023 ti yọ àtúnṣe gbólóhùn kúrò pátápátá. Àdánù ni, torí ó ń kọ́ èèyàn láti fara balẹ̀ kàwé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí, òfin wo ló le jù fún yín?