Ilé Dé, Kọ́kọ́rọ́ Kò Dé

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Aṣọ lásán ni mo kà á sí, àfìgbà tí mo bá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan kó àkọsílẹ̀ wọn láti orí kọ̀ǹpútà àtijọ́ bọ́ sórí tuntun.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ bá mi wò ó. Owó àwọn olùkọ́ àti ìyá ọlọ́jà ló wà nínú ẹ̀rọ yẹn: iye tí wọ́n dá, iye tí wọ́n yá, iye tó kù. SQL Server 2000 ló ń ṣọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ oṣù kẹrin ọdún 2013 ni Microsoft ti dẹ́kun ìtọ́jú rẹ̀. Ẹ̀rọ náà ń kùn bí ẹ̀rọ ìlọta. SQL Server 2019 la fi sórí tuntun. Akọ̀wé ní, "Ṣebí backup wà lórí fúláàṣì? Ẹ da ògbólógbòó yẹn nù jàre!" Bàbá akápò ní, "Ẹ ní sùúrù ná. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ ṣí lójú mi."

Kò ṣí. Ẹ̀rọ tuntun ní 8.00 ni backup náà, 15.00 lòun, àwọn ò bára mu. Fáìlì kò bàjẹ́ o. Láti SQL Server 2012 ni àwọn tuntun kò ti lè ka backup ti 2000 mọ́. Ṣùgbọ́n 2008 gbọ́ ti àtijọ́, 2019 sì gbọ́ ti 2008. Ó dà bí ilé tí ọmọ-ọmọ kò ti gbọ́ èdè bàbá àgbà, tí bàbá ní láti jókòó sáàárín ṣe ògbufọ̀.

A wá 2008 sórí kọ̀ǹpútà kẹta. Ó gba backup náà. A ṣe backup mìíràn láti ibẹ̀, a gbé e fún 2019, ó wọlé wẹ́rẹ́. Àmọ́ ọ̀nà yìí kò ní àbọ̀: backup tí 2019 bá ṣe, 2008 kò lè kà á. Ìdí nìyí tí a kò fi fọwọ́ kan ẹ̀rọ àtijọ́.

Orúkọ ìwọlé àwọn òṣìṣẹ́ kò tilẹ̀ bá a wá, torí inú àpótí mìíràn tó ń jẹ́ master ni wọ́n ń gbé. Ilé dé, kọ́kọ́rọ́ kò dé. A tún wọn ṣe, a sì fi DBCC CHECKDB yẹ gbogbo rẹ̀ wò.

Síbẹ̀ Bàbá akápò kò gbà. Wọ́n gbé ìwé lẹ́jà jáde, wọ́n ń pe orúkọ, èmi ń ka iye. Nígbà tó kan ìyá aláta kan, wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Ìyá yìí ti kú. Àwọn ọmọ wọn kò tíì wá gbowó. Bí èyí bá sọnù, ta ni wọ́n máa bi?"

Mo ka iye náà. Ó pé, kọ́bọ̀ kò dín.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí iṣẹ́ àṣekágbá yín wà lórí fúláàṣì, ẹ má wulẹ̀ sọ pé ó wà níbẹ̀. Ẹ ṣí i wò lónìí, lórí ẹ̀rọ mìíràn.